Àmì Ìdọ́gba Kì í Ṣe Àṣẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn kan nínú àwa olùkọ́ ń sọ káàkiri, tí díẹ̀ nínú àwọn ọlọ́lá tí ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì ti ń gbà á gbọ́, èyí nì pé bí ọmọ bá ti mọ bí a ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ti mọ gbogbo ohun tí iṣẹ́ ẹnjiníà ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń wí pé èdè tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ ìdọ́gba sínú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, irú èyí tí a ń pè ní Modelica, ohun ìṣeré àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ni, pé yóò sọ ọmọ di ọ̀lẹ, pé owó rẹ̀ kò sì ní ká. Èmi kò gbà. Mo sì bẹ ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ kí ẹ fi sùúrù gbọ́ ìdí tí n kò fi gbà, nítorí ẹ̀kọ́ tí a bá fi kọ́ olùkọ́ kan lónìí, igba ọmọ ni yóò jẹ nínú rẹ̀ kí ọdún márùn-ún tó pé.

Kí ẹnjiníà tó rọ ẹ̀rọ, kí ó tó na owó sórí irin àti wáyà, a máa ṣe àwòṣe rẹ̀ ná. Àwòṣe tí mo ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a fi igi gbẹ́. Ìṣirò ni, àkójọ ọ̀rọ̀ ìdọ́gba tí ń sọ bí omi yóò ti ṣàn, bí irin yóò ti gbóná, bí iná yóò ti gba ojú wáyà kọjá. Kọ̀ǹpútà a sì yanjú ìṣirò náà, kí ó lè fi hàn wá bí ẹ̀rọ tí kò tíì sí yóò ti ṣe nígbà tí ó bá wà. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe fún ọkọ̀ ilẹ̀ àti ti òfurufú, bẹ́ẹ̀ ni fún ibi tí a ti ń pèsè iná. Ọ̀rọ̀ ìdọ́gba inú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè tó ọ̀kẹ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni pé, èdè wo ni ó yẹ kí a fi kọ wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì kékeré kan tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1557 ni Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales, oníṣègùn àti onímọ̀ ìṣirò, kọ́kọ́ tẹ àmì ìdọ́gba sínú ìwé. Ìlà méjì ni ó fà, tí gígùn wọn dọ́gba, ó sì pè wọ́n ní ìlà ìbejì. A kò ní í ṣe wàhálà púpọ̀ kí ọmọ Yorùbá tó lóye èyí. Ohun tí a bá rà fún Táíwò, a gbọ́dọ̀ rà á fún Kẹ́hìndé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òfin ìṣirò, pé ohun tí a bá fi kún apá kan tàbí tí a bá yọ nínú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ ṣe bákan náà fún apá kejì. Kò sí ọ̀gá láàrín apá méjèèjì, kò sì sí ẹrú.

Ní ọdún 1957, tí ó jẹ́ irinwó ọdún gan-an lẹ́yìn èyí, ilé-iṣẹ́ IBM gbé èdè Fortran jáde fún kọ̀ǹpútà, ó sì mú àmì ìbejì yìí, ó sọ ọ́ di àṣẹ. Nínú èdè náà a lè kọ ọ́ pé X = X + 1. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: mú ohun tí ó wà nínú igbá X, fi ení kún un, dà á padà sínú igbá. Bí ẹ bá fi èyí han ọmọ tí ó ti kọ́ ìṣirò dáadáa, yóò wí fún yín pé irọ́ ni, nítorí kò sí òǹkà kan lábẹ́ ọ̀run tí ó dọ́gba pẹ̀lú ara rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti fi ení kún un. Ọmọ náà sì jàre. N kò bá àwọn tí ó ṣe Fortran jà. Irinṣẹ́ ńlá ni wọ́n fi fún aráyé. Àwọn tí ó ṣe Algol ní ọdún 1958 tilẹ̀ ti rí ewu yìí, wọ́n fi àmì mìíràn síwájú ìlà méjèèjì kí ojú má baà dàrú. Ẹni tí mo ń bá jà ni olùkọ́ tí ó fi àṣẹ kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́rin gbáko, tí ó wá ń yà á lẹ́nu pé ọmọ náà kò mọ ohun tí ìdọ́gba jẹ́ mọ́.

Nítorí òfin inú ayé kì í ṣe àṣẹ. Ní ọdún 1827 ni Georg Ohm ti Jámánì kọ òfin rẹ̀ jáde, pé fóltéèjì dọ́gba pẹ̀lú kọ́rẹ́ǹtì ní ìlọ́po ìdènà tí ó wà nínú wáyà. Ohm kò wí pé fóltéèjì ni kí a kọ́kọ́ mọ̀. Kò wí pé kọ́rẹ́ǹtì ni. Bí ọwọ́ ọ̀tún ti ń wẹ òsì, tí òsì sì ń wẹ ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi èdè àṣẹ ṣe àwòṣe kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yàn: bóyá yóò pàṣẹ pé kí a fi ìdènà pín fóltéèjì kí kọ́rẹ́ǹtì lè jáde, tàbí pé kí a fi ìdènà ṣe ìlọ́po kọ́rẹ́ǹtì kí fóltéèjì lè jáde. Èwo ni yóò sì yàn? Ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà náà ni yóò sọ fún un. Bí ó bá yọ bátìrì kúrò tí ó fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, ó di dandan kí ó tún gbogbo àṣẹ rẹ̀ tò, bí ẹni pé òfin Ohm ti yí padà ní òru.

Ẹ wo ẹ̀rọ kékeré tí iná ń yí, irú èyí tí ń gbé ohun ìnu gíláàsì iwájú ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà òjò. Òfin méjì ni ó wà ní ọkàn rẹ̀. Èkíní ni pé fóltéèjì tí yíyí rẹ̀ ń mú wá dọ́gba pẹ̀lú ìyára yíyí náà, ní ìlọ́po òǹkà kan tí kì í yẹ̀. Èkejì ni pé ipá tí ó fi ń yí òpó irin rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú kọ́rẹ́ǹtì tí ń gba inú rẹ̀ kọjá, ní ìlọ́po òǹkà kan náà. Nínú òfin méjèèjì yìí, níbo ni a gbé kọ ọ́ pé iná ni yóò wọlé, tí yíyí yóò sì jáde? Kò sí níbẹ̀. Fi bátìrì sí ẹnu rẹ̀, yóò yí. Fi ọwọ́ yí òpó irin rẹ̀, yóò mú iná wá, ó di jẹnẹrétọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ojú irin tí iná ń wà ni ó ń ṣe èyí lójoojúmọ́: nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró, ẹ̀rọ tí ń fà á di jẹnẹrétọ̀, ó sì ń dá iná padà sínú wáyà. Ẹ̀rọ kan náà ni, òfin kan náà sì ni. Síbẹ̀ ẹni tí ń lo èdè àṣẹ yóò ṣe àwòṣe méjì, ọ̀kan fún ìgbà tí ọkọ̀ ń sáré, èkejì fún ìgbà tí ó ń dúró, yóò sì máa bẹ̀rù pé kí àtúnṣe tí òun bá ṣe sí ọ̀kan má baà gbàgbé èkejì. Nínú Modelica, ìlà méjì ni a kọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì parí. Bí a bá fi bátìrì pàdé rẹ̀, yóò yí. Bí a bá fi ohun tí ń yí pàdé rẹ̀, yóò mú iná wá. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní láti mọ èyí tí a óò fi ṣe lọ́la.

Àwọn alátakò wa yóò wí pé àpótí àti ọfà ti tó: kí a ya àpótí fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a fi ọfà hàn bí òǹkà ti ń jáde nínú ọ̀kan wọ inú èkejì. Ṣé ẹ mọ ibi tí àpótí àti ọfà ti wá? Kí kọ̀ǹpútà òde òní tó gbilẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò mìíràn ni àwọn ẹnjiníà ń lò, tí ó ń fi fóltéèjì gan-an dúró fún òǹkà. Apá kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ náà ní ẹnu ìwọlé àti ẹnu ìjáde, a sì ń fi ọwọ́ ki wáyà láti inú ọ̀kan sínú èkejì. Ọfà tọ́ nígbà náà, nítorí inú ẹ̀rọ náà ló ti wá. Ẹ̀rọ náà ti wọ àkísà, ọfà rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé wa. A ń sin ọba tí ó ti wàjà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ̀ fún ọfà yìí tọkàntọkàn ni Hilding Elmqvist, ní Lund, ní gúúsù ilẹ̀ Swídìn. Ní ọdún 1978, nínú ìwé tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó gbé èdè kan kalẹ̀ tí ó pè ní Dymola. Ọgbọ́n méjì ni ó so pọ̀. Ọ̀kan ni pé kí a kọ ìdọ́gba ní ìdọ́gba, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá èyí tí yóò kọ́kọ́ yanjú. Èkejì wá láti Oslo ní Nọ́rwèy, níbi tí Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ti ṣe èdè Simula 67, tí wọ́n sì fi kọ́ aráyé pé a lè kọ irú ohun kan lẹ́ẹ̀kan, kí a sì jẹ́ kí irú mìíràn jogún rẹ̀. Láàrín ọdún tí ó tẹ̀lé e, èdè bí èyí pọ̀ sí i ní Yúróòpù, olúkúlùkù ń sọ tirẹ̀, ẹnìkan kò gbọ́ ti ẹnìkejì. Ní ọdún 1996 ni wọ́n pe ara wọn jọ láti fohùn ṣọ̀kan, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1997 ni Modelica àkọ́kọ́ sì jáde.

Ọ̀nà tí a ń gbà so nǹkan pọ̀ nínú èdè yìí yẹ kí ẹ mọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ẹnu, àti ní ẹnu kọ̀ọ̀kan, oríṣi òǹkà méjì ni ó wà: èyí tí ó dúró, bíi fóltéèjì, àti èyí tí ń ṣàn, bíi kọ́rẹ́ǹtì. Níbi tí ẹnu méjì tàbí mẹ́wàá bá ti pàdé, èdè náà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ pé èyí tí ó dúró jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo wọn, àti pé àpapọ̀ àwọn tí ń ṣàn jẹ́ òfo. Akápò ẹgbẹ́ yìí yóò lóye mi: bí a bá ka ohun tí ń wọlé sí ọ̀tún tí a sì ka ohun tí ń jáde sí òsì, níbi tí a kò gbé fi nǹkan kan pamọ́, ìwé gbọ́dọ̀ dọ́gba. Gustav Kirchhoff ni ó sọ èyí nípa iná ní ọdún 1845. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iná nìkan ni. Nínú ọ̀pá omi, ipá tí omi fi ń tì ni ó dúró, omi ni ó ń ṣàn. Nínú ohun gbígbóná, ìwọ̀n gbígbóná ni ó dúró, ooru ni ó ń ṣàn. Ẹni tí ó mọ iná àti ẹni tí ó mọ omi lè wá fi àwòṣe wọn pàdé lórí tábìlì kan láìsí ògbufọ̀.

Ní ti ìjogún, àpẹẹrẹ kan tó. Nínú àkójọ àwòṣe tí ó bá Modelica wá, ọ̀kan wà tí kì í ṣe ẹ̀rọ kan pàtó. OnePort ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó ń wí ni pé: ẹnu méjì ni mo ní, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín fóltéèjì ẹnu mi méjèèjì ni fóltéèjì mi, kọ́rẹ́ǹtì tí ó bá gba ẹnu kan wọlé ni yóò gba èkejì jáde. Ó dàbí baba tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ṣùgbọ́n tí kò kọ́ ilé sórí rẹ̀. Rẹsítọ̀, tí ń dènà iná, jogún rẹ̀, ó fi òfin Ohm kún un. Kàpásítọ̀, tí ń kó iná pamọ́, jogún rẹ̀, ó ní kọ́rẹ́ǹtì òun dọ́gba pẹ̀lú bí fóltéèjì ti ń yára yí padà, ní ìlọ́po ìwọ̀n òun. Kọ́ìlì jogún rẹ̀, ó yí ọ̀rọ̀ kàpásítọ̀ po: fóltéèjì òun ni ó dọ́gba pẹ̀lú bí kọ́rẹ́ǹtì ti ń yára yí padà. Bí a bá bọ́ wọn dé egungun, ìlà kan ni olúkúlùkù fi yàtọ̀ sí arákùnrin rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ka ìlà mẹ́ta wọ̀nyí ti ka ohun tí àwọn ìwé kan fi orí mẹ́ta ṣàlàyé.

Wọ́n ní yóò sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Ẹ̀sùn yìí ni ó dùn mí jù, nítorí ẹnu olùkọ́ ni ó ti ń jáde. Kí ni iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà gbà lọ́wọ́ ọmọ? Títo ìdọ́gba ni: èwo ni ó ṣáájú, èwo ni ó tẹ̀lé, àwọn wo ni a gbọ́dọ̀ yanjú pọ̀. Robert Tarjan ti fi ọ̀nà tí a lè gbà tò ó kíákíá hàn láti ọdún 1972. Bí òpó irin méjì bá so mọ́ ara wọn gírígírí tó bẹ́ẹ̀ tí ìyára wọn kò lè yàtọ̀, ìṣirò náà a máa díjú ní ọ̀nà tí títò nìkan kò lè tú. Constantinos Pantelides ni ó fi ọ̀nà hàn ní ọdún 1988, bí a ó ti mọ ìdọ́gba tí ó yẹ kí a tún wò ní ti ìyípadà rẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé ni èyí, iṣẹ́ ẹni tí ń da ìwé kọ. Òpìtàn kì í di ọ̀lẹ nítorí pé ìwé rẹ̀ ni a fi ẹ̀rọ tẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù fún ọmọ ni èyí tí ó ṣòro jù: kí ó mọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nípa ẹ̀rọ tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ láìfi ọ̀kan kún un, láìyọ ọ̀kan kúrò. Bí ó bá kọ ọ̀kan jù, kọ̀ǹpútà kò ní í gbà. Bí ó bá kọ ọ̀kan dín, kò ní í gbà bákan náà. Mo gbà pé ọmọ tí kò bá lè fi pẹ́ńsù yanjú ìdọ́gba mẹ́ta, kí a má ṣe gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ó lo ọdún mẹ́rin nídìí títò kì í ṣe ẹ̀kọ́, ìyà ni.

Ẹ̀sùn kan wà tí n kò ní í fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí àwòṣe bá kọ̀, kọ̀ǹpútà lè wí fún ọ pé ìdọ́gba 132 ni ó rí, ohun tí a kò mọ̀ sì jẹ́ 133, kí ó má sì tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe gbé wà. Ní ìgbà àtijọ́ èyí burú púpọ̀, nítorí pé gbogbo ilé ni a ń kà pọ̀. Láti ìgbà tí Modelica 3.0 ti jáde ní ọdún 2007, òfin ni pé kí olúkúlùkù àwòṣe san gbèsè tirẹ̀: ohun tí apá kan kò bá mọ̀ àti ìdọ́gba tí ó mú wá gbọ́dọ̀ bára mu nínú ilé rẹ̀, kí ó tó bá ẹlòmíràn pàdé. Wàhálà náà dínkù, kò tán. Ọmọ tí a kò kọ́ láti ka ìdọ́gba rẹ̀ kí ó tó tẹ bọ́tìnnì yóò jìyà níbẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ ni yóò sì jẹ̀bi.

Èdè náà kò tilẹ̀ lé àṣẹ jáde. Ohun tí í ṣe àṣẹ ní tòótọ́, bí èyí tí ń sọ pé bí omi táńkì bá dé ibi báyìí kí pọ́ǹpù dúró, a ní àyè tí a ń kọ ọ́ sí nínú rẹ̀, àmì tirẹ̀ sì yàtọ̀, èyí tí a jogún láti ọ̀dọ̀ Algol. A pe ìdọ́gba ní ìdọ́gba, a pe àṣẹ ní àṣẹ. Kí ni ẹnìkan tún ń fẹ́?

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, tí ó jẹ́ ti ẹ̀yin tí ń fọwọ́ sí ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́. Elmqvist dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1992, Dynasim, tí ń ta Dymola. Ní ọdún 2006 ilé-iṣẹ́ Dassault Systèmes ti Faransé ra Dynasim. Ẹ fiyè sí ohun tí wọn kò rà: wọn kò ra Modelica. Láti ọdún 2000 ni èdè náà ti wà ní ọwọ́ ẹgbẹ́ kan tí kì í wá èrè, Modelica Association, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Linköping ní Swídìn. Ìwé òfin èdè náà wà fún ẹnikẹ́ni láti kà, àkójọ àwòṣe tí mo mẹ́nu bà lókè wà fún ẹnikẹ́ni láti lò, láìsan kọ́bọ̀. Ní Linköping yìí kan náà ni Peter Fritzson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe OpenModelica, tí a lè fi sínú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ láìra ìwé àṣẹ lọ́dọọdún. Àwọn oníṣòwò kan wà tí ń ta àkójọ àwòṣe tí a ti tì pa, tí a kò lè rí inú rẹ̀. Ẹ kíyè sí àwọn wọ̀nyí, ẹ má ṣe fi wọ́n kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan wá dúró níwájú ìgbìmọ̀, kí ó wí pé ètò àpótí àti ọfà tí a ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún ni ó rọjú ju èyí tí a kò san nǹkan fún, ẹ bi í léèrè ta ni ó rán an níṣẹ́.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí kíláàsì kan ṣoṣo nínú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ gba wákàtí méjì lọ́sẹ̀, fún sáà kan. Kí a fún wọn ní bátìrì kan, rẹsítọ̀ kan àti kàpásítọ̀ kan lórí tábìlì. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù kọ ohun tí í ṣe òtítọ́ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka iye ohun tí wọn kò mọ̀, kí wọ́n ka iye ìdọ́gba, kí wọ́n rí i pé méjèèjì bára mu. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó tan kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ ìlà wọ̀nyí sí i bí wọ́n ti kọ ọ́ sórí ìwé, kí wọ́n wo bí kàpásítọ̀ náà ti ń kún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí a yọ bátìrì kúrò, kí a fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń fi ọwọ́ yí sí ipò rẹ̀, kí a sì wí fún wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ yí lẹ́tà kan padà nínú ohun tí wọ́n ti kọ nípa rẹsítọ̀ àti kàpásítọ̀.